Ọdẹ Òru Tó Di Ọ̀gá Wa: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Hayin Banki, Kaduna

     

Nígbà tí àwọn àgbà ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú ìtàn tó kan Kaduna tó sì kan ọmọ Yorùbá wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí ọ̀rọ̀ bí a ṣe tẹ̀dó sí ìhín, ọ̀rọ̀ rélùwéè, ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ foríjì mí, òkè ni mo gbójú sí. Kaduna ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun òfúrufú Nàìjíríà ní wíwa bàálù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ọmọ tí a bí síhìn-ín kì í ta gìrì bí bàálù kékeré bá kọjá lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ àwọn olùkọ́ náà? Ibo ni iṣẹ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ẹnì kan bá kọ́ iṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣe ibi, tó wá gbé iṣẹ́ náà fún wa, ṣé a lè gba iṣẹ́ náà kí a fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ṣeé gbà. Ìtàn ni kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí òkú tiwa wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Wolfgang Thimmig. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn tó ti ṣe olórí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú Nàìjíríà láti òkè wá, ẹ ó kọ́kọ́ rí Gerhard Kahtz, ọmọ Jámánì. Èkejì ni Thimmig, ọmọ Jámánì náà, tí ọ̀pọ̀ ìwé wa kọ ní Timming. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí ipò náà, George Kurubo, ní 1966, kí ó tó kan Shittu Alao, tó kú nínú ìjàm̀bá bàálù ní ọdún 1969. Orúkọ Alao yẹn ń dùn mọ́ wa nínú. Mo fẹ́ kí a dúró lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀ sẹ́yìn méjì.

1. Orúkọ tí iṣẹ́ náà ń jẹ́

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń sọ. Bàálù ogun kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń ru bọ́ǹbù lọ sí ìlú ọ̀tá wà. Èyí tó ń dọdẹ bàálù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú òfúrufú náà wà. Ẹni tó ń wa èyí kejì yìí ni Thimmig. Àwọn Jámánì ní orúkọ kan fún un tí Yorùbá kò ní láti wá jìnnà: Jäger ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọdẹ. Ẹni tó bá ń ṣe é lóru ni Nachtjäger, ọdẹ òru. Kì í ṣe pé mo ń fi àfiwé ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́wà. Bí àwọn fúnra wọn ṣe pe ara wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ọdẹ pín sí méjì. Ọdẹ tó ń lọ inú igbó wà, ẹni tí a ń sọ nípa rẹ̀ pé bó bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru náà wà, tó ń fi fèrè àti tọ́ọ̀ṣì yí ilé onílé ká kí àwa lè sùn. Èwo ni ti Jámánì yìí? Bí ẹ bá bi í, yóò ní ọdẹ àdúgbò lòun. Yóò ní àwọn bàálù Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ lóru láti wá sun ìlú òun, pé ìyá àti àwọn ọmọdé wà nísàlẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 1943, iná bọ́ǹbù jó Hamburg fún ọ̀pọ̀ òru léraléra, àwọn tó kú sì tó nǹkan bí 40,000. Ẹni tó bá ní ojú àánú kò ní fojú kéré ìyẹn.

Síbẹ̀, ọdẹ àdúgbò ní ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí olówó ilé bá jẹ́ ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ pamọ́ sí ilé rẹ̀ tó ń pa wọ́n, ọdẹ tó dúró lẹ́nu géètì ń ṣọ́ ìpànìyàn náà, ì báà má tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìjọba Hitler pa Júù mílíọ̀nù mẹ́fà. Géètì tí àwọn ọdẹ òru dúró sí nìyẹn. Mo sọ èyí nísinsìnyí kí n má baà gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣàpèjúwe bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó, nítorí ó jinlẹ̀, ènìyàn sì lè sọnù sínú ìyanu rẹ̀.

2. Bí iṣẹ́ òru náà ṣe rí

A bí Thimmig ní 1912. Ó ti wà lára àwọn ọdẹ òru kí ọdún 1943 tó parí, nígbà tí wọ́n fi í jẹ olórí ẹgbẹ́ ogun tó ń jẹ́ NJG 4 ní oṣù kẹwàá. N yẹn ni òru, J yẹn ni ìṣọdẹ, G ni ẹgbẹ́ ogun. Ìlà oòrùn Faransé àti ìhà gúúsù Belgium ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣọ́, ojú ọ̀nà tí àwọn bàálù Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà wọ gúúsù Jámánì. Ní oṣù kọkànlá 1944 ó fa ẹgbẹ́ náà lé Heinz-Wolfgang Schnaufer lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì lọ ṣe olórí NJG 2 títí ogun fi parí ní oṣù karùn-ún 1945. Bàálù tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn pé ó já lulẹ̀ lé ní 20. Schnaufer tí ó gba ipò rẹ̀ ní 121, kò sì sí ọdẹ òru kankan nínú ìtàn ogun tó tó o. Nítorí náà Thimmig kọ́ ni akọni tó ga jù láàárín wọn. Aṣáájú ni, ẹni tí a ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sí lábẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjọba tó ń dá iléeṣẹ́ ogun tuntun sílẹ̀ máa ń wá.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí bàálù dúdú nínú òkùnkùn, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà sókè? Kì í fojú rí i. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Josef Kammhuber ló to ètò náà. Ó pín ojú òfúrufú sí àpótí àpótí, bí ẹni pín oko. Ní ìsàlẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ réédà méjì wà: ọ̀kan ń tẹ̀lé bàálù ọ̀tá, èkejì ń tẹ̀lé ọdẹ. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ ló ń fi rédíò darí ọdẹ náà: yà sí òsì, gòkè díẹ̀, ó wà níwájú rẹ. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, ẹlòmíràn nínú bàálù náà á gba iṣẹ́ ọ̀hún, yóò máa wo réédà kékeré tí irin rẹ̀ yọ jáde ní imú bàálù bí ìwo àgbọ̀nrín. Ìgbẹ̀yìn ni awakọ̀ fúnra rẹ̀ á tó rí iná tín-tìn-tín tó ń jáde láti ibi èéfín ẹ́ńjìnnì.

Ní Hamburg yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì da ègé bébà dídán sílẹ̀ láti òkè, irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú páálí sìgá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Réédà ń rí gbogbo rẹ̀ bíi bàálù, gbogbo àpótí Kammhuber sì fọ́jú lóru ọjọ́ kan. Ẹ máa rò pé iṣẹ́ ọdẹ òru parí nìyẹn. Kò parí. Wọ́n tú àwọn ọdẹ sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú àwọn bàálù ọ̀tá láti ibodè títí dé ìlú tí wọ́n ń lọ. Wọ́n wá réédà tuntun tí ègé bébà náà kò lè tàn jẹ. Wọ́n sì de ìbọn mọ́ ẹ̀yìn bàálù, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ọdẹ á yọ́ wá sábẹ́ ikùn bàálù ọ̀tá, níbi tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò lè rí i. Á wọ̀n ọ́n dọ́gba. Kò ní yìn ín ní ikùn, kí bọ́ǹbù tó wà níbẹ̀ má baà gbé àwọn méjèèjì lọ. Ìyẹ́ ni yóò yìn, níbi tí epo wà.

Òru ọjọ́ tí ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí bá kan ènìyàn, òun àti àwọn mẹ́fà tó kù nínú bàálù bọ́ǹbù Lancaster kì í sábà mọ ohun tó pa wọ́n. Nínú àwọn tó fò nínú bàálù bọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, tí wọ́n tó nǹkan bí 125,000, àwọn 55,573 ni kò padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè wa bi: iṣẹ́ tó rí báyìí, ṣé a lè gbà á ká má béèrè ta ni ó jóná nínú rẹ̀?

3. Àwọn tó wà nínú bàálù kejì

Bí ìtàn yìí bá jẹ́ ti Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ǹ bá má gbé e wá sí Hayin Banki. Ọ̀pọ̀ yín ní bàbá àgbà tó lọ jagun ní Bọ́mà, tí ẹ ń sọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa wà lójú òfúrufú Yúróòpù pẹ̀lú.

Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, òfin RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìran aláwọ̀ funfun láti di ọ̀gá. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n ká òfin yẹn kúrò, nígbà tí ogun ti dé bá wọn. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó di adájọ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF fi jẹ ọ̀gá. Ìjàm̀bá bàálù ló pa á ní oṣù kìíní 1945.

Bánkólé Beresford Vivour náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó àtijọ́, ẹ mọ irú ilé tó ń jẹ́ Vivour. Inú ẹgbẹ́ 156 ni ó wà, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń ṣáájú. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́kọ́ dé ìlú náà kí wọ́n sì ju iná aláwọ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí wọn yóò ju bọ́ǹbù sí. Ẹni tó bá ṣáájú ni ọdẹ máa ń kọ́kọ́ pàdé. Ó kú ní oṣù kẹta 1944. Inú oṣù yẹn ni òru tó burú jù fún àwọn bàálù bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì wà: ní òru ọjọ́ 30 mọ́jú ọjọ́ 31, nígbà tí wọ́n lọ sí Nuremberg, bàálù 95 ni kò padà.

Ẹ wo ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹta 1944, Thimmig ni olórí NJG 4. Mi ò sọ pé òun tàbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló pa Vivour. Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ Èkó kan ń fò nínú òkùnkùn, ẹni tí yóò di olórí ọmọ ogun òfúrufú orílẹ̀-èdè ọmọ náà ń fò nínú òkùnkùn kan náà, ìbọn sì wà láàárín wọn. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni ohun tó wà láàárín òru yẹn àti ọ́fíìsì tí a fún un.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn. Mo kọ́ wọn ní orúkọ Hitler, mo kọ́ wọn ní orúkọ Churchill. Kò sí ọmọ kan tó gbọ́ orúkọ Vivour lẹ́nu mi. Ó dùn mí, mo sì sọ ọ́ níwájú yín.

4. Bí ọdẹ òru ṣe dé Kaduna

Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi òfin de Jámánì: kò gbọ́dọ̀ ní bàálù ogun, kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ọdún mẹ́wàá ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù Rọ́ṣíà ń ba àwọn alágbára ìwọ̀ oòrùn, wọ́n tún jẹ́ kí Jámánì kó ọmọ ogun jọ. Ta ni yóò darí wọn? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Kammhuber tó to àpótí ọdẹ òru ló kọ́kọ́ ṣe olórí iléeṣẹ́ ogun òfúrufú tuntun náà. Thimmig padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ìlú Jámánì fúnra rẹ̀ ṣe dáhùn ìbéèrè wa nìyẹn: ó gba iṣẹ́ náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ jù.

Àwa náà ní ìdí tiwa. A gba òmìnira ní 1960. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ààbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, a sì fagi lé e ní oṣù kìíní 1962. Ìjọba Balewa kò fẹ́ kí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun gbogbo mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ṣẹ́ ní Ẹtiópíà ní 1962, lẹ́yìn náà ní Kánádà. Jámánì ni wọ́n wá pè láti bá wa dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, òfin tó gbé e ró sì jáde ní oṣù kẹrin 1964. Ọdún 1964 yẹn náà ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna yìí, pẹ̀lú iléeṣẹ́ Jámánì kan, Fritz Werner. Ìlú yìí kún fún òyìnbó Jámánì nígbà náà.

Kaduna ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ náà. Bàálù kékeré kan tó ń jẹ́ Do 27 wà lára èyí tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ilé Dornier ló ṣe é, òun sì ni bàálù àkọ́kọ́ tí Jámánì ṣe lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn ogun. Ilé Dornier yìí kan náà ló ṣe bàálù bọ́ǹbù fún Hitler. Ṣé ẹ rí i? Bàálù náà ní ìtàn, ẹni tó wà á dé ní ìtàn, ọmọ ọdún ogún tó gun orí àga rẹ̀ ní Kaduna nìkan ni a kò sọ nǹkan kan fún.

Àkókò Thimmig kò gùn. Ó gba ipò lọ́wọ́ Kahtz ní 1965. Ọ̀tẹ̀ ológun oṣù kìíní 1966 dé, Kurubo sì bọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, àwọn Jámánì lọ.

5. Àwọn tó lè bá mi jiyàn

Àtakò méjì ni mo mọ̀ pé ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Èkínní: ológun ni, àṣẹ ló tẹ̀ lé, ogun sì ti tán. Mo gbà pé ogun tán. Mi ò pe Thimmig lẹ́jọ́. Òkú ni, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí a dárí jì, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń dárí rẹ̀ jì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Johnny Smythe fún yín. Ọmọ Freetown ni, ìlú tí àwọn Saró ti padà wá bá wa ní Èkó àti Abẹ́òkúta. Òun ló ń wo ọ̀nà nínú bàálù bọ́ǹbù Stirling. Ní oṣù kọkànlá 1943, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mannheim, wọ́n yin bàálù wọn. Èérún irin wọ̀ ọ́ lára. Ó fò jáde. Àwọn ọmọ ogun Jámánì rí i níbi tó sá pamọ́ sí, ó sì wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n títí di 1945. Ó padà di agbẹjọ́rò, ó sì di Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba Sierra Leone. Ìtàn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ ni pé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, níbi àríyá kan, òun àti aṣojú ìjọba Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ogun. Wọ́n dárúkọ ọjọ́. Wọ́n dárúkọ ibi. Ọkùnrin náà rí i pé òun lòun já bàálù Smythe lulẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n dì mọ́ ara wọn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìtàn náà ni pé ọjọ́ àti ibi ló ṣáájú ìdìmọ́ra. Bí wọ́n bá mu ọtí tán tí wọ́n kàn rẹ́rìn-ín síra wọn tí wọ́n lọ, kí ni wọn ì bá fi dárí ji ara wọn? Èyí ni mo ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àtakò kejì le jù: ìtàn kò wa bàálù, ọmọ tó mọ iṣẹ́ ti tó, kí la ó fi ìtàn olùkọ́ rẹ̀ ṣe? Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá sọ èyí, pàápàá bí ó bá ti ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún 1969, nígbà ogun abẹ́lé. Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò ta bàálù ajagun fún wa. Rọ́ṣíà fún wa ní MiG-17 ní 1967. Oúnjẹ àti oògùn ń wọ Biafra lóru nínú bàálù àwọn ẹlẹ́sìn àti ti Red Cross, nítorí òkùnkùn ni ààbò wọn. Ìjọba gbà pé ohun ìjà ń bá a wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1969, kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, MiG wa kan yin bàálù DC-7 ti Red Cross nítòsí Eket. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Ọ̀nà oúnjẹ náà sì há mọ́ àwọn ọmọ tí ebi ń pa.

Jámánì kọ́ ló kọ́ ẹnikẹ́ni ní MiG, mi ò sì ní di ẹ̀bi yìí ru Thimmig. Iṣẹ́ náà ni mo ń tọ́ka sí. Ìṣọdẹ bàálù ẹlẹ́rù láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni iṣẹ́ tí a ń sọ látàárọ̀, ó sì ti di iṣẹ́ àwa náà, lórí ilẹ̀ tiwa, lára àwọn tí a ń pè ní ọmọ ìyá. Ọdẹ tó bá mọ ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti ṣe nílùú ẹlòmíràn ní ìbéèrè kan lọ́kàn kí ó tó yìn ín: kí ló wà nínú ikùn bàálù yẹn? Ìwé ìkọ́ṣẹ́ kò ní ìbéèrè yẹn nínú. Inú ìtàn ló wà.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú bárékè òfúrufú láàárín 1964 sí 1967 wà ní Hayin Banki, wọ́n wà ní Kawo, wọ́n wà ní Unguwar Shanu: mẹkáníìkì, akọ̀wé, agbóúnjẹ, awakọ̀. Bí bàbá yín bá ní fọ́tò kan níbi tí òun àti òyìnbó Jámánì ti dúró ti bàálù, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ mú un wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ásárì, nínú gbọ̀ngàn yìí. A ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ti òyìnbó náà pẹ̀lú. Mo ti ra ìwé ńlá kan fún un. Orúkọ Bánkólé Vivour ni mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́.